Má tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn: ìdáhùn fún nọ́ọ̀sì tí pléètì dáyátẹ́mì jó aláìsàn rẹ̀

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ kí n tó lè jókòó fèsì, nítorí pé ohun tí o kọ jọ ohun tí ojú èmi náà ti rí. O ní nílé ìwòsàn aládàáni tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo yìí, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún obìnrin kan, nígbà tí ẹ sì tú pléètì dáyátẹ́mì (ẹ̀rọ tí dókítà fi ń fi iná mànàmáná gé ẹran, tó sì fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) kúrò ní itan rẹ̀, ẹ bá ojú kan tó funfun, tó sì le bí awọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti di egbò. Ọ̀gá tó ni ilé ìwòsàn wá gbé ìwé síwájú rẹ pé kí o fọwọ́ sí i pé ìwọ ni o kò lẹ pléètì dáadáa. O ń béèrè bóyá kí o fọwọ́ sí i, o sì tún ń béèrè ẹni tí òfin máa mú nínú ìwọ, dókítà àti ilé ìwòsàn. Má tíì fọwọ́ sí i. Mo máa sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí tèmi ṣe rí, nítorí pé ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Ó ti lé ní ọdún 15 báyìí. Nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mí nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ọkùnrin kan tó ti lé ní ẹni 60 ọdún ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún, èmi sì ni mo fi pléètì sí itan òsì rẹ̀. Pléètì irin àtijọ́ ni, kì í ṣe èyí tó ní àlẹ̀mọ́; aṣọ tí a fi omi iyọ̀ rin la máa ń tẹ́ sáàárín òun àti ara, tí a ó wá fi báńdéèjì dì í. Mo dì í le, ìyẹn ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ṣùgbọ́n irun pọ̀ lórí itan ọkùnrin náà, n kò sì fá a, nítorí pé dókítà ti fọ ọwọ́ tán, ó sì ń bi wá bóyá ọ̀la la fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, dókítà ní kí a gbé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sókè kí òun lè ráyè ṣiṣẹ́ láti ìsàlẹ̀. Èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ òsì. Abẹ́ aṣọ tí a fi bo aláìsàn ni pléètì wà, n kò sì ṣí aṣọ náà láti wò ó. Ohun tí páńẹ́ẹ̀lì tó wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn náà bi mí nìyẹn, wọ́n bi mí ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èsì kan náà ni mo sì ní: n kò ṣí i. Títí di ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, kò sí ìgbà tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ aláìsàn lórí tábìlì níṣojú mi tí ọwọ́ mi kò kọ́kọ́ lọ sí ibi pléètì, kódà bí kì í bá ṣe èmi ni mo lẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà tí a ti gbé ẹsẹ̀ yẹn ni dáyátẹ́mì kò ti ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Dókítà fi ẹnu pẹ́ńsù, ìyẹn ọ̀pá ẹ̀rọ náà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kan ẹran, kò gé, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Ó ní kí n gbé iná sókè. Mo gbé e láti 40 lọ sí 50. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo gbé e dé 60. Ó ní ṣé n kò gbọ́ ohun tí òun ń sọ ni, mo bá gbé e dé 80. Ẹ̀rọ náà kò pariwo rárá, nítorí pé kò ní ohun tó lè fi mọ̀ pé pléètì ti ṣí. Bí mo ṣe ń yí bọ́tìnnì yẹn sókè ni mo ń jó itan bàbá náà, tí n kò sì mọ̀. Bí o kò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, rántí èyí: tí agbára tó ti ń tó fún iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀ bá dédé kò tó mọ́, pléètì ni kí o lọ wò, lẹ́yìn náà kí o wo okùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Bí dókítà bá pariwo, jẹ́ kó pariwo. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi nígbà náà, ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n, tó kàwé jù mí lọ, òun gan-an ló ń pàṣẹ pé kí n gbé e sókè.

Ìdí rẹ̀ kò le láti yé ènìyàn. Iná tó ń jáde lẹ́nu pẹ́ńsù gbọ́dọ̀ padà sínú ẹ̀rọ, pléètì sì ni ọ̀nà tó ń gbà padà. Iye iná kan náà ló ń gba ibi méjèèjì kọjá. Ohun tó mú kí ọ̀kan gé ẹran, kí èkejì má sì ṣe nǹkan kan, ni pé ẹnu pẹ́ńsù tín-ín-rín, pléètì sì fẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró létí odò Ọ̀ṣun mọ̀ pé níbi tí omi ti fẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń lọ, ṣùgbọ́n níbi tí àpáta ti há a mọ́, ṣe ló ń hó. Bí pléètì bá ṣí títí tó fi ku igun kan lára aláìsàn, igun yẹn ti di ẹnu pẹ́ńsù kejì. Bí ibi tó kan ara bá dín kù sí ìdajì, ooru tó ń mú ojú ibẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Aláìsàn kò sì ní lè ké. Iná ilé wa ń yí ìhà padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti dáyátẹ́mì ń yí ju 300,000 ìgbà lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbọn ènìyàn jìgìjìgì. Obìnrin tìrẹ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, itan rẹ̀ sì ń jó.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ bàbá náà, mo fi ojú ibi tó funfun yẹn han dókítà. Ó ní áyódínì ló mú un. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún tí ibẹ̀ dúdú, ó ní egbò ìdùbúlẹ̀ ni. Jọ̀wọ́ sọ fún mi, egbò ìdùbúlẹ̀ wo ló ń yọ ní iwájú itan ẹni tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀? Bàbá náà kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó kàn ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé ni pé, "Ikùn ló ń dùn mí tí mo fi wá, kí ló wá kan itan?" Gbogbo wa la mọ èsì rẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ẹni tó fún un. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Ìgbọ̀nà, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, níbi tí wọ́n ti gé awọ itan ọ̀tún láti fi bo ti òsì. Dókítà ibẹ̀ ló sọ fún wọn pé iná dáyátẹ́mì ni. Ẹnu àlejò ni wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú tíátà wa, bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ lọ́yà nìyẹn.

Kí lẹ́tà lọ́yà tó dé ni àwọn ọ̀gá ti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ìbàdàn fún àtúnṣe, pẹ̀lú pléètì àti okùn rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ti ní okùn tuntun. Ẹni tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rọ náà pé pérépéré. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pé nígbà tí òun rí i! Irú ògbógi báyìí ni wọ́n máa ń pè wá jẹ́rìí. Nígbà náà ni wọ́n gbé ìwé onílà mẹ́rin fún mi pé kí n fọwọ́ sí i kí ọ̀rọ̀ lè parí sílé: "Èmi, nọ́ọ̀sì báyìí báyìí, ni mo ṣe àìkíyèsára nínú lílẹ pléètì." Ọ̀gá àgbà pè mí ní ọmọ òun, ó ní kò sóhun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Mo fọwọ́ sí i. Kò sí 80 nínú ìwé náà, kò sí ẹni tó pàṣẹ 80, kò sí ẹsẹ̀ tí a gbé sókè, kò sí ẹ̀rọ tí kò lè pariwo. Ìwé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde níwájú páńẹ́ẹ̀lì, òun náà ni wọ́n sì fi gé owó oṣù mi fún oṣù 14. Ilé ìwòsàn padà bá ẹbí náà ṣe àdéhùn, wọ́n sanwó fún wọn kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́, dókítà náà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ní tíátà lọ́jọ́ náà.

Ó yẹ kí n sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bi mi láìfi epo bọ iyọ̀. N kò fá irun, n kò sì ṣí aṣọ wò lẹ́yìn tí a yí ẹsẹ̀ padà. Àwọn méjèèjì wà lọ́rùn mi. Ẹ̀bi mi ni ìwé náà kọ, ẹ̀bi mi nìkan sì ni.

Ní ti òfin, mo fi owó ara mi lọ bá agbẹjọ́rò kan ní Òkè-Fìà lẹ́yìn tí ọṣẹ́ ti ṣe tán, ohun tó là mí lọ́yẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá pẹjọ́ àìkíyèsára gbọ́dọ̀ fi hàn pé ojúṣe wà lọ́rùn ẹni tí òun pè lẹ́jọ́, pé ó kùnà ojúṣe náà, àti pé ìkùnà yẹn ló pa òun lára. Bí òṣìṣẹ́ bá kùnà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, ẹni tó gbà á síṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí bí ọ̀gá rẹ ṣe lè ju gbogbo ẹrù sí ọ lórí kí òun sì lọ láìjẹ̀bi. Ẹ̀rọ tó yẹ, pléètì tó yẹ, àtúnṣe lásìkò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ojúṣe ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni gbogbo wọn, kì í ṣe tìrẹ. Dókítà tó pàṣẹ iná ní ojúṣe tirẹ̀. Ìwọ náà ní tìrẹ: awọ ara tí o yẹ̀ wò, ibi tí o yàn, àti bí o ṣe ń padà wò ó. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ló máa pe ìwọ, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní MDCN ló sì máa pe dókítà. Ìyẹn yàtọ̀ sí owó gbà-má-bínú tí ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n san fún aláìsàn.

Lọ́yà ilé ìwòsàn tiwa sọ fún páńẹ́ẹ̀lì pé àjálù tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tẹ́lẹ̀ ni. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ lójú mi. Ní 1926 ni Harvey Cushing lo ẹ̀rọ tí William Bovie ṣe fún iṣẹ́ abẹ ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó bí ìyá mi ni ẹ̀rọ yìí ti wà, iná abẹ́ pléètì sì wà lára ewu rẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Ohun tí a kọ́ ènìyàn nílé ẹ̀kọ́ kì í ṣe àjálù àìròtẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, má rò pé nítorí pé egbò wà ní ibi tí kò yẹ kó wà, adájọ́ á kàn dá ẹ̀bi bẹ́ẹ̀. Òfin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2006, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ abẹ́rẹ́ kan tó kán sínú obìnrin kan lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, obìnrin náà sì pàdánù. Kò mú onímọ̀ kankan wá jẹ́rìí, àwọn dókítà sì ṣàlàyé bí abẹ́rẹ́ ṣe ń kán. Èyí ni àwọn ọ̀gá gbọ́kàn lé. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá ti lọ sí Ìbàdàn, tí àkọsílẹ̀ bá sì ti fẹ́lẹ́, àlàyé tiwọn nìkan ló máa kù. Tí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ ní oṣù 3 péré, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ná oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọ nípa pléètì alálẹ̀mọ́ tí ẹ ń lò. O kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ Òṣogbo: pléètì tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ ń lò fún ẹni márùn-ún, tí ẹ wá ń fi pílásítà gbá a mọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tó lè wà lára rẹ̀ kọ́ ni ewu ibẹ̀ nìkan. Àlẹ̀mọ́ inú rẹ̀ ti gbẹ, etí rẹ̀ ti ń ká. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ọ̀gá rà náà, wò ó bóyá pléètì rẹ̀ pín sí méjì láàárín. Èyí tó pín ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé apá kan ti ń ṣí, tí á fi pariwo, tí á sì dá iná dúró. Bí kò bá pín, ojú rẹ ni ẹ̀rọ náà ní. Má lẹ̀ ẹ́ sórí eegun, ojú àpá, ibi onírun tàbí ibi tí irin wà nínú ara. Ibi tí ẹran ti nípọn, tó sì súnmọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gé ni kí o wá. Bí obìnrin bá so ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí, bẹ̀ ẹ́ títí tí á fi tú u, nítorí mo ti rí pléètì tí wọ́n lẹ̀ lé ìlẹ̀kẹ̀ lórí, tí ìyá ọkọ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pé a kò gbọ́dọ̀ já a.

Sípírítì, tó lè gbiná lára aláìsàn, nìkan ló tún ń bà mí lẹ́rù ju pléètì lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi sípírítì nu ikùn, ó kéré tán ìṣẹ́jú 3 ni kó fi gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ dáyátẹ́mì, ibi onírun máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó sì ṣàn lọ sábẹ́ ìdí aláìsàn kì í tètè gbẹ, ẹ gbọ́dọ̀ yọ aṣọ tó rin náà kúrò. Bí iṣẹ́ bá wà lójú tàbí lọ́rùn, tí atẹ́gùn ọ́síjìn sì ń fẹ́ sí aláìsàn nímú, kí dókítà àti ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí pẹ́ńsù tó tan. Pẹ́ńsù tí wọn kò lò lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ wà lórí ikùn aláìsàn, inú àpò rẹ̀ ni kó wà. Ẹsẹ̀ kan lè ṣèèṣì tẹ pẹ́dà tó ń tan án. Àwọn tó ń fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ abẹ ní ìṣòro tiwọn: bí rọ́bà tó bo irin bá là, iná á jó ìfun níbi tí kámẹ́rà kò rí, aláìsàn á lọ sílé, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ibà àti inú wíwú tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà, jẹ́ kí n padà sí ìwé rẹ.

Kọ ìwé tìrẹ lálẹ́ òní, kí ọjọ́ tó gorí ọjọ́. Kọ aago tí o lẹ pléètì, itan wo, bí awọ ibẹ̀ ṣe rí kí o tó lẹ̀ ẹ́, bóyá tuntun ni tàbí èyí tí ẹ ti lò rí, ẹni tó yí aláìsàn padà, iye iná tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, iye tó dé, ẹni tó ní kí o gbé e sókè, àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí iná ìlú bá lọ tí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ láàárín iṣẹ́, kọ ọ́. Ohun tí o kò rántí, kọ pé o kò rántí. Ohun tí o kò ṣe tó yẹ kí o ṣe, kọ ọ́ pẹ̀lú. Tèmi ni ká ní mo kọ ọ́ fúnra mi, pẹ̀lú ìyókù ọ̀rọ̀, kò bá tí rí bí ìjẹ́wọ́ olè. Fọwọ́ sí i, kọ déètì sí i, fún ọ̀gá ní ẹ̀dà kan kí ó gbà á pẹ̀lú ìbuwọ́lù, kí o sì gbé ẹ̀dà kan lọ sílé. Má fọwọ́ kan rẹ́jísítà tíátà láti tún un ṣe, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ọ́ tó. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ka yíyí àkọsílẹ̀ aláìsàn po sí ọ̀ràn, ẹni tó bẹ̀ ọ́ kò sì ní bá ọ jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń bi ọ́.

Òfin kan náà ló ní kí wọ́n sọ ipò ara aláìsàn fún un. Kí dókítà sọ fún obìnrin yẹn pé iná ni, kí ẹni tó mọ̀ nípa egbò iná wò ó kíákíá, kí ilé ìwòsàn má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìtọ́jú náà. Kọ ọ́ sínú ìwé pé o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ fún un. Bí wọ́n bá kọ̀, tó sì bi ọ́ fúnra rẹ̀, má pe iná ní áyódínì.

O béèrè bóyá kí o fọwọ́ sí ìwé ọ̀gá. Bí agbẹjọ́rò tìrẹ bá ti kà á, tí ohun tí o kọ fúnra rẹ sì wọ inú rẹ̀ pátápátá, ìyẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí owó agbẹjọ́rò bá ṣòro, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ yìí máa ń dúró ti ọmọ ẹgbẹ́, lọ bá wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ̀rọ, okùn àti pléètì tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà, kọ̀wé pé kí wọ́n tì wọ́n mọ́ inú yàrá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún wọn ṣe. Bí wọ́n bá sì ti da pléètì náà nù, kọ ọjọ́ tí wọ́n dà á nù àti ẹni tó dà á nù.